Kẹrosíìnì kì í fọ epo tán lára idẹ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Ìgbógbó ni mo wà, lẹ́bàá Ìkòròdú níbí. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ṣe fíríìdọ̀mù, búùsì idẹ (òrùka tí wọ́n ń tẹ̀ wọnú irin) àti ẹnu rọ́bà gáàsì ni mo sì ń gbẹ́ jù. Tí mo bá gbẹ́ wọn tán, kẹrosíìnì ni mo fi ń fọ̀ wọ́n, màá fi àkísà nù wọ́n, wọn á sì máa dán bíi wúrà. Àmọ́ kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, dúdú á ti yọ níbi tí ọwọ́ kàn, fáníìṣì tí mo kùn á máa bó, bí mo bá sì fẹ́ fi òjé lẹ̀ ẹ́ mọ́ nǹkan, ṣe ni òjé á máa yí gbirigbiri lórí ẹ̀. Ẹnì kan ní kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ fọ̀ ọ́. Ẹlòmíràn ní kí n ra ohun tí àwọn sójà fi ń dán idẹ bẹ́líìtì wọn. Èwo ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, kú iṣẹ́. Kẹrosíìnì yẹn gan-an ni. Epo ni òun náà. Ó máa ń tú epo tó ki, ó sì máa ń gbé èérún idẹ kúrò nínú eyín sukúrù, iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ bó bá gbẹ, kì í lọ tán. Ó ń fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sílẹ̀ tí ojú kò lè rí. Òjé mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, fáníìṣì mọ̀, ìwọ nìkan ni kò mọ̀.

Tí o bá fẹ́ rí i, mú ọ̀kan nínú èyí tí o ti nù tó ń dán, kí o da omi tó mọ́ lé e lórí. Bí omi náà bá ṣù jọ, tó ń yí kiri bí omi orí ewé kókò, epo ṣì wà lára rẹ̀. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, tó bo ojú idẹ náà láìya síbì kan, ó ti mọ́ nìyẹn. Mi ò tíì rí ìdánwò tó dára ju èyí lọ, omi lásán sì ni owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣan ọṣẹ kúrò dáadáa kí o tó dán an wò o, torí omi á tẹ́ lórí ọṣẹ tó ṣẹ́ kù, yóò sì tàn ẹ́ jẹ.

Kí n tó dé orí fífọ̀, epo wo lò ń dà sórí iṣẹ́ nígbà tí lathe, ẹ̀rọ tí o fi ń gbẹ́ idẹ, bá ń yí? Ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ ló ń lo epo dúdú olóòórùn tí a fi ń gbẹ́ irin líle. Imí ọjọ́ wà nínú irú epo bẹ́ẹ̀, imí ọjọ́ ló sì máa ń sọ idẹ àti bàbà di dúdú. Idẹ tí wọ́n ṣe fún gbígbẹ́ ní òjé nínú, bíi 3 nínú 100. Òjé yẹn ló ń jẹ́ kí èérún rẹ̀ máa já wẹ́wẹ́. Irú idẹ bẹ́ẹ̀ ṣeé gbẹ́ ní gbígbẹ, láìda epo kankan sí i. Tí ihò bá jìn, omi tí a pò mọ́ epo ìgbẹ́rin, tó funfun bíi mílíìkì, tó. Epo tí o kò dà sí i, o ò ní fọ̀ ọ́. (Nítorí òjé yẹn náà ni, fọ ọwọ́ rẹ kí o tó jẹ àkàrà lẹ́nu iṣẹ́.)

Ó wá kan fífọ̀. Má sọ kẹrosíìnì nù, jẹ́ kó ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìkan. Fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ gba inú ihò àti eyín sukúrù. Kẹrosíìnì tó bá ti dọ̀tí, dà á sínú gálọ́ọ̀nù kó sinmi, wàá tún rí i lò. Má dà á sí gọ́tà, inú ọ̀sà ló ń lọ. Má sì fi bẹntiróòlù dípò rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń lọ irin. Iná tó ń ta pàràpàrà lẹ́nu òkúta ìlọrin kò ní dúró bi ẹnikẹ́ni kó tó ràn mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà, gbé omi kaná. Omi tí ọwọ́ kò lè gbà ni mo ń sọ, kì í ṣe omi lílọ́wọ́ọ́rọ́. Fi ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́ sí i, bíi ṣíbí kan sí lítà kan, kó àwọn búùsì náà sínú rẹ̀, kí ihò wọn kọjú sókè kí afẹ́fẹ́ lè jáde, nítorí ibi tí afẹ́fẹ́ bá há sí, ọṣẹ kò ní dé ibẹ̀. Fi wọ́n sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, máa rò wọ́n láàárín méjì. Kì í ṣe pé ọṣẹ ń pa epo. Ṣe ló ń dì í mú títí omi á fi gbé e lọ. Ṣàn wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìkejì jẹ́ omi gbígbóná, kí idẹ náà lè gbóná fúnra rẹ̀, kó sì tètè gbẹ.

Ibi gbígbẹ ni mo ti rí ọ̀pọ̀ tó ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n á sáré lọ bá fọkanáísà pé kó bá wọn fi kọ̀ḿpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ. Epo àti omi ló ń bá afẹ́fẹ́ inú táǹkì yẹn jáde! Tẹ́ wọn sórí aṣọ funfun tó mọ́ nínú oòrùn, kí o kọ ihò wọn sísàlẹ̀. Láti ìgbà yẹn, fi ọ̀rá bọ ọwọ́ kí o tó mú wọn. Dúdú ibi tí ọwọ́ kàn tí o sọ yẹn, òógùn àti iyọ̀ ara rẹ ni, ọ̀rinrin ẹ̀bá ọ̀sà wa níbí sì ń bá a ṣiṣẹ́. Kun fáníìṣì tàbí kí o fi òjé lẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, má jẹ́ kó di ọ̀la.

Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ kì í yọ epo. Dúdú ni wọ́n ń yọ, epo sì gbọ́dọ̀ ti kúrò kí wọ́n tó lè dé ara idẹ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni kí o fi ṣe é, kí o sì ṣàn án. Bó bá pẹ́ jù, wàá rí i tí ara idẹ ń pọ́n bíi bàbà: bàbà àti síǹkì ni wọ́n pò ṣe idẹ, síǹkì ló ti ń jẹrà kúrò, bàbà ló ṣẹ́ kù.

Ohun tí àwọn sójà fi ń dán idẹ yẹn, mi ò fọwọ́ sí i fún búùsì tí wọn yóò tẹ̀ wọnú irin. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ ammonia wà nínú ọ̀pọ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, òórùn rẹ̀ dà bíi ti ilé ìtọ̀. Idẹ tí wọ́n ti fi agbára tẹ̀ tàbí fà kò fẹ́ràn ammonia rárá, ṣe ló máa ń là. Ẹ̀kọ́ yìí ti pẹ́: nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wà ní Íńdíà, àpò ọta ìbọn tí wọ́n fi idẹ ṣe ń là fúnra wọn lásìkò òjò, láìsí ẹni tó yìn wọ́n. Ilé ẹṣin ni wọ́n kó wọn pamọ́ sí, ammonia inú ìtọ̀ ẹṣin ló ń bá wọn jà. Ọdún 1921 ni àwọn onímọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké. Bẹ́líìtì sójà kò ru ẹrù, búùsì rẹ ń rù ú.

Ọ̀kan wà tó ń kọ mí lóminú nínú lẹ́tà rẹ. O ní ẹnu rọ́bà gáàsì. Gáàsì wo? Tó bá jẹ́ ti ìdáná, ohun tí mo sọ lókè tó. Tó bá jẹ́ ti ọ́ksíjìn tí àwọn wẹ́dà ń lò, má ṣe é, kódà kí omi tẹ́ lórí rẹ̀ bí ẹní. Nígbà tí mo wà lọ́mọṣẹ́, mo fẹ́ fi gíríìsì díẹ̀ sí eyín gééjì ọ́ksíjìn torí ó le láti yí. Ọ̀gá mi gbá mi lọ́wọ́ tí agolo gíríìsì fi fò lọ. Kò bínú, ó kàn fi ìka tọ ohun tí wọ́n kọ sójú gééjì náà: má fi epo kàn án. Ọ́ksíjìn tó bá tú jáde pẹ̀lú agbára lè dáná sun epo láìsí ìṣáná. Jẹ́ kí wẹ́dà lọ ra èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe fún un.

Àwọn tó ti dúdú lọ́dọ̀ rẹ, má jù wọ́n nù. Ha fáníìṣì tó ń bó kúrò, fọ̀ wọ́n bí mo ṣe wí, kí o wá fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ pa wọ́n lára fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí o sì ṣàn wọ́n. Fọ méjì péré ná, kí o sì da omi lé wọn lórí kí o tó fọ ìyókù.