Èsì: Kọ̀ǹpútà tó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí Windows tó ṣí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè bóyá fáírọ́ọ̀sì ló fa ọ̀rọ̀ àṣìṣe PXE-E61 tí ẹ rí lójú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù yín n'Íkòròdú; kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Bí ẹnikẹ́ni ní Sábó bá sọ fún yín pé fáírọ́ọ̀sì ni, ẹ má sanwó fún un. Ńṣe ni ẹ̀rọ náà ń wá sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà mìíràn tí yóò gbé Windows fún un gba orí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò sì rí wáyà kankan. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ló nílò ìyẹn. Ẹ tan án, ẹ máa tẹ F2 tàbí Delete títí ojú ìwé ètò rẹ̀ yóò fi ṣí, ẹ wọ Boot, ẹ gbé hard disk (ibi tí Windows àti iṣẹ́ yín wà) sókè pátápátá, ẹ pa Network Boot, kí ẹ sì fi pamọ́. Ṣùgbọ́n bí hard disk kò bá sí níbẹ̀ rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun gan-an ló ń ṣàìsàn: ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sọ́dọ̀ onítúnṣe kí iṣẹ́ àwọn oníbàárà yín má bàa ṣòfò.