Ihò àárín kọ́bọ̀ yẹn kì í ṣe àṣìṣe

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Nígbà tí à ń tú yàrá ìyá wa àgbà ní Ṣágámù, a rí kọ́bọ̀ àtijọ́ kan, ọdún 1936. Ihò wà láàárín rẹ̀, kò sí orí ọba, lẹ́tà H kékeré sì wà lára rẹ̀. Ẹnìkan ní àṣìṣe àwọn tó rọ ọ́ ni, pé mílíọ̀nù ló ń lọ, ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ san owó ìforúkọsílẹ̀. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má san nǹkan kan fún un. Ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ìkẹ́nnẹ́, inú sì ń bí mi nítorí àwọn àgbàlagbà ni wọ́n ń fi lù ní jìbìtì.

Láti 1907 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń rọ kọ́bọ̀ (pẹ́nì ayé ìgbà náà) oníhò fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀nínì (ìdá kan nínú mẹ́wàá kọ́bọ̀) níhò, eépìnnì (ààbọ̀ kọ́bọ̀) náà níhò. Wọ́n ti lu ihò náà kí òǹtẹ̀ (irin tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán sára owó) tó ba irin rárá. Ihò yìí ni kò jẹ́ kí orí ọba ráyè: adé àti orúkọ ọba ló wà lójú kan, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà lójú kejì. Àwọn kan tiẹ̀ ti sọ ìràwọ̀ yẹn di èdìdì Sólómọ́nì, wọ́n fi ń ta á fún aláìmọ̀kan. H ni àmì Heaton, ilé iṣẹ́ tó rọ owó náà ní Birmingham, ìlú Gẹ̀ẹ́sì. KN ni ti King's Norton, ní ìlú kan náà.

Bí ẹ bá rí EDWARDVS VIII lára rẹ̀, Edward Kẹjọ, ọba Gẹ̀ẹ́sì tó kọ oyè sílẹ̀ ní December 1936 nìyẹn. Wọn ò ná owó rẹ̀ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni ariwo “ó ṣọ̀wọ́n” ti wá. Tiwa níhìn-ín, ọjà ni wọ́n ná an, ó sì pọ̀ nílẹ̀.

Àṣìṣe gidi, ilé iṣẹ́ ló ti ń ṣẹlẹ̀. Òǹtẹ̀ lè yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí lẹ́tà apá kan dàwátì. Òǹtẹ̀ sì lè sán: irin á wọ ojú sísán náà, ilà tó bá hàn lára owó á yọ sókè. Ẹ fi èékánná rá a. Èyí tó bá jin sínú, ọ̀bẹ tàbí òkúta ló ha á. Ṣílè tí ihò bá ti gé ọba lọ́rùn, alágbẹ̀dẹ wúrà ló lu ú láti fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn.

Ayédèrú tún wà, ó sì dùn mí nítorí ilé wa ni: nígbà ìjọba òyìnbó, àwọn kan ní Ìjẹ̀bú rọ ayédèrú ṣílè débi pé ìjọba ń pariwo. Bí lẹ́tà bá rí wúruwùru, tí ojú rẹ̀ ní ihò tín-tìn-tín bí ojú abẹ́rẹ́, wọ́n yọ́ irin dà á ni. Àwọn yẹn náà ni wọ́n ń pè ní àṣìṣe lónìí.

Mi ò lè fi fọ́tò díye lé tiyín, àfi kí n rí i lójú, kí n sì wọ̀n ọ́n. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí yanrìn fọ̀ ọ́ o, ìyẹn ló ń ba iye rẹ̀ jẹ́. Ẹ dì í sínú bébà tó gbẹ. Bí ẹni yẹn bá tún pè, ẹ ní kó wá kówó mílíọ̀nù náà sílẹ̀ lójú ẹbí, kó sì gbé kọ́bọ̀ lọ.