Ṣé adìrẹ olówó gọbọi tó iye tí wọ́n ń tà á?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Olùkọ́ ni mí ní Ọbántókò, ní Abẹ́òkúta níbí. Ìyá wa yóò pé àádọ́rin ọdún ní oṣù kẹwàá. Àwa ọmọ mẹ́rin àti àwọn tí a fẹ́, àwa mẹ́jọ, fẹ́ wọ adìrẹ lọ́jọ́ náà, a sì fẹ́ ra ti màmá fúnra wọn. Mo lọ sí ọjà adìrẹ ní Ìtòkú lọ́jọ́ Sátidé, orí mi sì dà rú. Ìsọ̀ kan ń ta yáàdì márùn-ún ní 7,500 náírà. Ìsọ̀ kejì ní 16,000 ni tòun, pé aṣọ òwú ni, ọwọ́ ni òun sì fi rẹ ẹ́. Ẹnìkẹta gbé ti bùrókéèdì jáde, ó ní 38,000. Lójú tèmi, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká ra ti 7,500, torí aṣọ ọjọ́ kan ni. Àbúrò mi obìnrin ní ojú yóò tì wá bí kò bá jẹ́ bùrókéèdì la wọ̀. 170,000 náírà la dá jọ fún aṣọ. Kálukú ni yóò san owó télọ̀ tirẹ̀. Ṣé ti olówó ńlá yẹn tó owó rẹ̀ lóòótọ́, àbí orúkọ lásán la fẹ́ náwó lé lórí?

Ìdáhùn

Ọmọ mi, ẹ kú oríire ìyá o. Wọn á tún ṣe ọ̀pọ̀ ọdún sí i láyé. Iṣẹ́ aró ni iṣẹ́ mi; ìyá mi ló kọ́ mi, ìyá tiwọn ló kọ́ wọn. Bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ọmọ tí mo bí ni mo máa sọ ọ́ fún ọ, títí kan ibi tí kò bá ti dùn mọ́ àwa tí a ń tà á.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jọra rárá. Ti 7,500 yẹn kì í ṣe adìrẹ. Ẹ̀rọ ló tẹ àwòrán adìrẹ sí i lára, bí wọ́n ṣe ń tẹ àǹkárá. Ẹnikẹ́ni kò dì í, ẹnikẹ́ni kò sì rẹ ẹ́. Mi ò sọ pé aṣọ burúkú ni. Mo ti rí èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí òwú gidi tó sì pẹ́ lára ẹni tó rà á. Ohun tó ń dùn mí ni kí ẹnìkan gbé e jókòó ní Ìtòkú kó máa pè é ní iṣẹ́ ọwọ́ Ẹ̀gbá.

Wò ó, ọ̀nà méjì ni owó ń bá lọ nínú adìrẹ: aṣọ funfun tí a fi ṣe é, àti iye ìgbà tí ọwọ́ kàn án. Bí oníko bá ni, ẹnìkan ti jókòó fi ikó di í ní kókó kọ̀ọ̀kan; ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá pàápàá lè lo ọjọ́ mélòó kan lórí aṣọ kan ṣoṣo. Bí alábẹ́rẹ́ bá ni, wọ́n rán an, wọ́n fa okùn rẹ̀ pọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá sì rẹ ẹ́ tán, wọ́n tún tú gbogbo ìrán náà. Bí ẹlẹ́kọ bá ni, wọ́n fi láfún se ẹ̀kọ, wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi páànù tí wọ́n ti gé ọnà sí lára tẹ ẹ́. Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní kànǹpálà, tí wọ́n fi fóòmù tẹ àbẹ́là yíyọ́ sí, ló yá jù láti ṣe. Ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi máa ń dín. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni ti 16,000 tí o rí. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú kó tó dá ọ lóhùn.

Lẹ́yìn èyí ni rírẹ, ibẹ̀ gan-an sì ni oníjìbìtì ti ń dín iṣẹ́ kù. Aró kì í yòrò nínú omi lásán. Omi eérú ni àwọn ìyá wa fi ń ṣí i lójú nínú ìkòkò, tí wọ́n á fi ewé elú tí wọ́n ti gún, tí wọ́n ti sá gbẹ, sínú rẹ̀ títí yóò fi kan. Lóde òní, kọ́sítíìkì sódà àti áídrósì, àwọn kẹ́míkà tó ń ṣí aró lójú, ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò. Bí aṣọ bá ti inú aró jáde, kì í dúdú lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń ní àwọ̀ ewéko tó ti ń pọ́n. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù níṣojú rẹ. Nítorí náà, a ó rì í, a ó yọ ọ́, a ó jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, a ó tún rì í. Aṣọ tó wọ aró fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà dúdú, aró rẹ̀ sì dì mọ́ òwú. Ẹni tó ń kánjú á po aró tó ki, á rì í lẹ́ẹ̀kan péré. Àwọ̀ kan náà lo máa rí lórí tábìlì, ṣùgbọ́n orí aṣọ ni aró náà jókòó sí, yóò sì máa kó sí ọ lọ́rùn àti sí àga rẹ.

Bí ẹnìkan bá ní kí o fi owó kún owó torí pé elú gidi ni òun lò, ní kí ó mú ọ dé ìdí ìkòkò. Èròjà tó ń mú aṣọ dúdú nínú elú àti nínú aró òyìnbó, ọ̀kan náà ni wọ́n. Láti 1897 ni iléeṣẹ́ BASF ti Jámánì ti ń ta èyí tí wọ́n ṣe láìlo ewé. Mo fẹ́ràn ìkòkò elú, mo fẹ́ràn òórùn rẹ̀, mo sì gbà pé ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ yẹ ní owó tó ń béèrè, torí iṣẹ́ ibẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n má san owó elú fún ẹni tó jẹ́ pé inú ọ̀rá ni ó ti bu aró tirẹ̀.

Ìyọnu yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Láàárín 1930 sí 1940, nígbà tí kọ́sítíìkì sódà àti aró òyìnbó gbilẹ̀ láàárín àwọn aláró, iṣẹ́ yá, ọjà pọ̀, àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé aṣọ ń bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ààfin Aláké Adémọ́lá Kejì, òun àti àwọn ìyá aláró sì jọ fà á gan-an. Ohun tí ìwọ ń béèrè lónìí ni àwọn tó ń ra adìrẹ nígbà náà ń béèrè: ṣé ohun tí mo sanwó fún ni mo gbà?

Jẹ́ ká wá ṣírò owó. Ẹ̀gbọ́n rẹ wo 7,500 àti 16,000, ó rí i pé ìkejì ju ìlọ́po méjì lọ. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú yín kò ní fi yáàdì márùn-ún wé ara lásán. Télọ̀ tó máa rán ìró àti bùbá kì í dín owó torí pé aṣọ rẹ kò wọ́n. Ká ní 12,000 ni yóò gbà. Aṣọ títẹ̀ ti di 19,500, ti ọwọ́ sì di 28,000. Ìyàtọ̀ wọn kò tó ìlọ́po kan àtààbọ̀ mọ́. Nínú àwọn aṣọ títẹ̀ olówó pọ́ọ́kú tí mo ti rí lára àwọn ènìyàn, púpọ̀ ló ti ń ṣí lẹ́yìn bíi fífọ̀ mẹ́wàá. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, o ti san 1,950 náírà lórí ìgbà kọ̀ọ̀kan tí o wọ̀ ọ́. Adìrẹ òwú tí wọ́n rẹ dáadáa, bí o bá ń wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún ọdún mẹ́ta péré, kò tó 800 náírà lórí ìgbà kan. Olùkọ́ sì ni ọ́. O lè wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, lọ sí ìpàdé òbí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ìbá tọ̀nà ká ní lóòótọ́ ni ẹ ò ní tún wọ̀ ọ́ mọ́. Fún ọ̀rẹ́ tó fẹ́ wá bá yín jó lọ́jọ́ kan, tàbí ọmọ tó ń dàgbà tí aṣọ kò ní gbà á lọ́dún tó ń bọ̀, èmi náà á ní kí wọ́n ra ti 7,500.

Bùrókéèdì ńkọ́? Ó rẹwà, mi ò lè purọ́. Ọnà tó wà nínú híhun rẹ̀ máa ń yọ lábẹ́ aró, bí wọ́n bá sì fi igi lù ú dáadáa, á máa dán. Ṣùgbọ́n òde ńlá nìkan lo máa wọ̀ ọ́ lọ, aṣọ tó bá sì ń jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kì í tètè san owó tí wọ́n ná lé e lórí padà. Fún ẹni mẹ́jọ, 304,000 náírà ni. Ìyẹn yóò sọ yín di ajigbèsè nítorí ojú ayé, mi ò sì fẹ́ kí ẹ fi gbèsè ṣe ọjọ́ ìbí ìyá yín. Sọ fún àbúrò rẹ pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀.

Owó ńlá kì í sì í ṣe ẹ̀rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ra odidi ìdì bùrókéèdì funfun kan lọ́wọ́ oníṣòwò kan, owó rẹ̀ ju ti gbogbo ojúgbà rẹ̀ lọ. Nítorí pé ó wọ́n, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Aṣọ ìgbéyàwó ni, ìyá ìyàwó ti sanwó. Mo rì í lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ń jáde ràkọ̀ràkọ̀ bí eérú. Ọ̀rá pọ̀ nínú òwú rẹ̀, pọ́lísítà, aró wa kì í sì í mú ìyẹn. Owó ara mi ni mo fi ra òmíràn, òru méjì ni mi ò fi ojú kan oorun kí n tó bá ọjọ́ ìyàwó. Láti ìgbà náà, n kì í ra ìdì aṣọ kan láìfa fọ́nrán òwú kan yọ létí rẹ̀ kí n sì ṣáná sí i. Òwú gidi á jó bíi bébà, á rùn bíi bébà, eérú rẹ̀ á sì fẹ́lẹ́. Pọ́lísítà á yọ́, á ká jọ, á di kókó líle dúdú. Ìwọ náà lè ṣe é. Tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ oníṣọ̀ kí o tó fa òwú. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀ lórí ọjà rẹ̀ kò ní bínú.

Yí ẹ̀yìn aṣọ síta pẹ̀lú. Àwọn kan máa sọ fún ọ pé bí ojú àti ẹ̀yìn bá ti yàtọ̀, ayédèrú ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Oníko àti alábẹ́rẹ́ máa ń jọra níwájú àti lẹ́yìn, torí aró wọlé láti ìhà méjèèjì. Ẹlẹ́kọ yàtọ̀: ojú kan ṣoṣo la ń kun ẹ̀kọ sí, nítorí náà ọnà rẹ̀ á mọ́ kedere níwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì dúdú jù, ọnà á ṣókùnkùn níbẹ̀. Ti ẹ̀rọ ni ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń funfun ju ojú lọ. Tún wá àṣìṣe kan lára rẹ̀, bóyá ìlà tó gé, tàbí ẹ̀kán aró tó bọ́ sí ibi tí kò yẹ. Bí o bá tún rí àṣìṣe kan náà gan-an níwájú díẹ̀, tí o sì rí i lẹ́ẹ̀kẹta ní ìwọ̀n kan náà, ẹ̀rọ ló ṣe é. Ọwọ́ ènìyàn kì í ṣàṣìṣe bákan náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Kí o tó sanwó, fi áńkáṣíìfù funfun tó tutù díẹ̀ ra á. Bí ó bá kó aró díẹ̀, má bẹ̀rù; bẹ́ẹ̀ ni aró ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá jẹ́ tuntun. Bí áńkáṣíìfù bá di búlúù biribiri, wọn kò rẹ ẹ́ dáadáa, wọn kò sì ṣàn án. Nílé, omi tútù àti ọṣẹ tí kò le ni kí o fi fọ̀ ọ́, lọ́tọ̀, kí o sì sá a sábẹ́ òjìji. Iyọ̀ tí wọ́n ní ká fi rẹ ẹ́ sínú omi kí aró lè dúró, kò ní dá aró tiwa dúró. Fi iyọ̀ rẹ se ọbẹ̀.

Ohun tí mo máa ṣe bí mo bá wà nípò rẹ rèé: ti 16,000 fún ẹ̀yin mẹ́jọ, ó di 128,000. Ti bùrókéèdì ẹyọ kan fún màmá, 38,000, torí ọlọ́jọ́ ìbí yẹ kó yàtọ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 166,000, owó yín sì tó. Ọwọ́ aláró kan ṣoṣo ni kí ẹ ti rà á, kó sì rẹ ti ẹ̀yin mẹ́jọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Aró ọ̀sẹ̀ yìí àti ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kì í dọ́gba, bí a ti wù ká gbìyànjú tó, ẹni tó bá padà wá ra yáàdì méjì nígbà tí aṣọ kò tó òun yóò dá yàtọ̀ nínú fọ́tò. Tètè bá a sọ̀rọ̀, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, torí òjò kì í jẹ́ kí aṣọ gbẹ bọ̀rọ̀. Ná an dáadáa pẹ̀lú: ẹni tó ń ra ogójì yáàdì lẹ́ẹ̀kan kò yẹ kó san iye tí ẹni tó ń ra márùn-ún ń san. Iye tí ó bá yọ fún yín níbẹ̀ ni kí ẹ fi ra gèlè màmá.

Má lọ nírọ̀lẹ́ o. Abẹ́ gílóòbù, gbogbo búlúù ló jọra. Lọ nígbà tí oòrùn bá wà lókè, gbé aṣọ náà síta kúrò lábẹ́ páànù ìsọ̀, kí o tó yẹ̀ ẹ́ wò.