Irú ajá wo ni Italian Greyhound, ibo ló sì ti ṣẹ̀ wá?

Italian Greyhound ló kéré jù lọ nínú àwọn ajá ọdẹ tó ń fi ojú wá ẹran, tó sì ń fi eré lé e mú. Ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n kà á sí.

Gẹ́gẹ́ bí ìlànà FCI, àjọ ajá lágbàáyé, gíga rẹ̀ dé èjìká jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 32 sí 38, kò sì gbọdọ̀ ju kílò 5 lọ. Àwọn kan tí wọ́n ń sìn nílé máa ń tóbi jù bẹ́ẹ̀. Orí rẹ̀ gùn, àyà rẹ̀ jìn, ikùn rẹ̀ wọnú, irun rẹ̀ kúrú, torí náà òtútù tètè máa ń mú un. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an: ọmọ ajá tó bá fò láti orí àga lè kán an.

Àjọ náà tọpa ìran rẹ̀ gba Gíríìsì dé ààfin àwọn Fáráò ní Íjíbítì. Ìtàn tí wọ́n gbà gbọ́ nìyẹn, kì í ṣe ohun tí ẹ̀rí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Èyí tó dájú ni pé àwọn ọlọ́lá Yúróòpù fẹ́ràn rẹ̀. Frederick Kejì, ọba Prussia, sọ pé kí wọ́n sin òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ajá òun ní ààfin Sanssouci, ní Potsdam, Jámánì. Ó kú lọ́dún 1786, ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹni tó jọba lẹ́yìn rẹ̀ ní kí wọ́n sin ín sí. Ọdún 1991 ni wọ́n tó gbé òkú rẹ̀ lọ síbi tó fẹ́.