Ìjàpá tí kò mọ̀wé kà

Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà wa. Ẹ ní ọmọ 45 ló wà ní kíláàsì yín ní Asẹ́rò, pé ẹ fẹ́ máa fi àlọ́ àti ọmọlangidi kọ́ wọn ní ìwé kíkà, ṣùgbọ́n ariwo ń bà yín lẹ́rù, owó ò sì sí. Ọdún 8 rèé tí mo ti ń ṣe é, ní kíláàsì àti ní ilé ìkàwé, níbí ní Abẹ́òkúta.

Ìbẹ̀rẹ̀ tèmi ò dára. Mo ta aṣọ síwájú kíláàsì, mo fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú 5 tí àwọn ọmọ fi ń yọjú wá wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀, èyí tó kéré jù nínú wọn sì bú sẹ́kún, ó ní eégún ni. Láti ọjọ́ náà, orí ẹní ni mò ń jókòó sí láàárín wọn, ojú wọn ni mo ti ń wọ Ìjàpá, ọmọlangidi mi, sọ́wọ́. Wọ́n ń rí ọwọ́ mi o, síbẹ̀ Ìjàpá ni wọ́n ń wò lójú.

Ti owó ò le. Ìbọ̀sẹ̀ àlòkù ni ara Ìjàpá mi, ààbọ̀ igbá kékeré ló gbé sẹ́yìn, ìdérí ìgò méjì ni ojú, àjákù àdìrẹ láti ọjà Ìtòkú ni mo rán mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù nìkan lẹ igbá náà. Tèmi já bọ́ níbi tí àlọ́ ti ń dùn. Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí i, kí ẹ fi òwú rán an.

Èyí tó ṣe pàtàkì sí mi jù ni pé kí Ìjàpá yín jẹ́ òpè. Lọ́dún àkọ́kọ́, tèmi ń béèrè ìbéèrè bíi tíṣà, àwọn tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ náà ló ń dáhùn. Ìgbà tí mo sọ ọ́ di òpè ni gbogbo wọn di olùkọ́. Tí babaláwo bá ti kìlọ̀ pé kó má fẹnu kan àsèjẹ Yánníbo, Ìjàpá á kọjú sí wọn: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni bàbá yẹn wí? Mi ò gbọ́ dáadáa." Ariwo á sọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n odindi gbólóhùn ló máa wà nínú rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ kó rọlẹ̀, mo máa dá orin àlọ́ sílẹ̀ ni. Torí náà ẹ kọ́ wọn ní ègbè kí àlọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà ní ilé ìkàwé tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Ní Sátidé kan, mo gbé ìwé síwájú Ìjàpá ní ìdoríkodò, Ìjàpá ń kùn pé òun ń kàwé. Ọmọ náà gba ìwé, ó yí i padà, ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó kà á sí i létí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "A-ṣọ." Ìjàpá ní, "Aṣọ ta ni?" Ó ka èyí tó tẹ̀ lé e. Ojú ìwé mẹ́ta ló kà, kò gbójú sókè wò mí lẹ́ẹ̀kan. Omi bọ́ lójú mi.

Ẹ múra de àwọn òbí. Ìyá kan bínú wá bá mi, wọ́n ní wọ́n sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé òrìṣà ni ọmọlangidi. Mi ò bá wọn jiyàn. Mo bọ́ Ìjàpá, mo ní kí wọ́n wọ̀ ọ́ wò. Wọ́n fọwọ́ pa àdìrẹ ọrùn rẹ̀, wọ́n ní, "Ẹlẹ́kọ rèé! Ta ló ta á fún ẹ?" Aláró ni wọ́n, wọ́n dá àdìrẹ tí a fi ẹ̀kọ ya mọ̀. Àwọn ló ń fún mi ní àjákù báyìí. Ìyá àgbà kan náà bá mi wí pé a kì í pa àlọ́ lọ́sàn-án. Mo kúnlẹ̀, mo ní ọ̀sán ni àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ wa, alẹ́ ti di ti fóònù.

Bí ọ̀gá yín bá ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ fi pa àlọ́, ẹ rán wọn létí ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 6, Gẹ̀ẹ́sì dá dúró bí iṣẹ́ kan, àwọn ọmọ náà ò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ìṣẹ́jú 15 ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ṣì ní ààbọ̀ igbá méjì tí mo ti lu nílé. Ẹ wá mú ọ̀kan.