Èsì: Kipchoge ti gba góòlù kó tó di eléré Máráton

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá Eliud Kipchoge, eléré ìje ọmọ Kenya, gba góòlù kankan rí kó tó bọ́ sídìí Máráton, eré ìje ọlọ́nà jíjìn. Ó gbà á, ó sì dùn ún wò! Ìdíje eré ìje àgbáyé ti Paris, lọ́dún 2003, 5,000 mítà. Ọmọ ọdún 18 péré ni nígbà náà, àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ ló sì bá du ú. El Guerrouj ọmọ Morocco ti gba góòlù 1,500 mítà níbẹ̀, Bekele ọmọ Etiópíà ti gba ti 10,000. El Guerrouj ti ṣíwájú nígbà tí wọ́n ń sá bọ̀ nílà ìparí, àfi bí ọmọdé yìí ṣe na àyà síwájú rẹ̀. Ìṣẹ́jú 12 àti ìṣẹ́jú-àáyá 52.79 ni Kipchoge fi sá a. Ti El Guerrouj jẹ́ 52.83. Bekele ló ṣe ẹ̀kẹta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fídíò rẹ̀ wò.