Ẹ́ńjìnnì RX-8 nínú Peugeot 504: má fi gíà 504 gbé e

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Kubwa ni mo ń gbé. Bàbá mi fi Peugeot 504 kan sílẹ̀ fún mi. Ara rẹ̀ ṣì le dáadáa, àmọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú. Mo rí ẹ́ńjìnnì Mazda RX-8 tòkúnbọ̀ kan, ẹ́ńjìnnì nìkan, kò ní gíà. Mẹkáníìkì mi ní gíà 504 yóò gbé e tìrọ̀rùntìrọ̀rùn, torí lítà 2 ni 504, lítà 1.3 péré sì ni RX-8. Ó ní a ó ṣe pléètì tí yóò so wọ́n pọ̀, tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, yóò sì gé fúláíwíìlì 504 kó lè wọlé. Irú kílọ́ọ̀ṣì wo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tíì ra kílọ́ọ̀ṣì kankan. Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé lọ́dún yìí tí wọ́n ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí, ọ̀rọ̀ lítà 1.3 yìí ló sì máa ń wà nídìí gbogbo rẹ̀. Ó ń bí mi nínú, torí owó ọlọ́wọ́ ló ń bá a lọ, ẹsẹ̀ awakọ̀ sì wà nítòsí ibi tí fúláíwíìlì ti ń yí.

Lítà 1.3 ti RX-8 kì í ṣe ẹgbẹ́ lítà 1.3 ti Starlet. Ẹ́ńjìnnì rótárì ni, kò ní písítìnì. Rótọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀, irin onígun mẹ́ta tó ń yí nínú ilé tirẹ̀. Ojú mẹ́ta ni rótọ̀ kọ̀ọ̀kan ní, àmọ́ ojú kan ṣoṣo ni wọ́n kà: 654 cc lọ́nà méjì, ìyẹn ni 1.3. Bí ṣáàfù ẹ́ńjìnnì bá yí lẹ́ẹ̀kan, rótọ̀ kọ̀ọ̀kan á tanná lẹ́ẹ̀kan. Ìtanná méjì nìyẹn, bákan náà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì onípísítìnì mẹ́rin tó o mọ̀. Bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń gbé mì la fẹ́ fi wọ̀n ọ́n, ẹ́ńjìnnì lítà 2.6 ló yẹ ká fi wé.

504 lítà 2 oníkabúrétọ̀ kò pé agbára ẹṣin 100. RX-8 àfọwọ́jágíà onígíà mẹ́fà ń mú nǹkan bí 230 jáde, ó sì ń yí tó 9,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Agbára ìfà rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti 504 lọ, bí 211 Nm sí 169, ìdí sì nìyẹn tí mẹkáníìkì rẹ fi rò pé kò séwu. Eré ìyípo yẹn ni yóò pa gíà 504. Gíà náà, bíárìn rẹ̀ àti dísìkì kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kò sí èyí tí wọ́n ṣe fún irú eré bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni fúláíwíìlì. Ti 504 jẹ́ awo irin wúwo tí bóòtù mélòó kan dè mọ́ ṣáàfù. Ti rótárì kò rí bẹ́ẹ̀. Rótọ̀ kì í yí ní àárín gbùngbùn ṣáàfù, ó máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, torí náà wọ́n fi irin ìdọ́gba síwájú àti sẹ́yìn kí ẹ́ńjìnnì má baà gbọ̀n ara rẹ̀ pa. Lára ọkọ̀ àfọwọ́jágíà, irin ìdọ́gba ẹ̀yìn wà lára fúláíwíìlì fúnra rẹ̀. Lára ọtọmátíìkì, ó dá dúró. Nọ́ọ̀tì ńlá kan ṣoṣo, oní 54 mm, ló dè é mọ́ ṣáàfù tí ẹnu rẹ̀ ń tín-ín-rín. Níbo ni fúláíwíìlì 504 yóò wá jókòó sí? Kí sì ni yóò ṣe iṣẹ́ irin ìdọ́gba?

Mo tú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kan palẹ̀ ní Apo. Wọ́n ti gé fúláíwíìlì ọkọ̀ mìíràn, wọ́n sì jó irin mọ́ ọn kó lè dọ́gba. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bíárìn ti jẹ, ilé gíà ti là, irin tí wọ́n jó mọ́ ọn sì ti ń ṣí. Ká ní ó já lórí eré ni, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kò lè dá a dúró. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é fún ọ, bó ti wù kó mọ iṣẹ́ tó.

Gíà RX-8 ni kó o wá, pẹ̀lú fúláíwíìlì rẹ̀, dísìkì, ìbòrí kílọ́ọ̀ṣì, bíárìn ìtúsílẹ̀, bíárìn kékeré ẹnu ṣáàfù, fọ́ọ̀kì àti sítátà. Láti ara ọkọ̀ kan náà ni kó ti wá bó bá ṣeé ṣe. Wọ́n á sọ fún ọ pé gíà MX-5 náà ni. Lóòótọ́ inú àwọn kan nínú wọn jọra, ẹnu tó so mọ́ ẹ́ńjìnnì ni kò bára mu. Má sì gba fúláíwíìlì RX-7, torí rótọ̀ RX-8 fúyẹ́ ju ti àtijọ́ lọ, ìdọ́gba wọn kì í ṣe ọ̀kan. Kílọ́ọ̀ṣì RX-7 onítọ́bò tó jáde kẹ́yìn pàápàá, fífà ni wọ́n ń fà á kó tó tú sílẹ̀, ti RX-8 sì jẹ́ títì.

Iṣẹ́ kù lẹ́yìn ìyẹn o. Ṣáàfù tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn nínú 504 ń gba inú páìpù tó so gíà mọ́ díférẹ́ńsíà, páìpù náà ló sì ń di díférẹ́ńsíà mú. Tí gíà bá yí padà, páìpù yẹn ti lọ nìyẹn. Gíà RX-8 náà, férémù gígùn kan ló ń gbé ìdí rẹ̀ nínú ọkọ̀ tirẹ̀, torí náà wọ́n ní láti rọ ibi tí yóò gbé ìdí lé. Àwọn kan wà ní Panteka, ní Kaduna, tí wọ́n lè rọ ọ́ dáadáa, àmọ́ kí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọn igun ṣáàfù dúró tì wọ́n.

Wo díférẹ́ńsíà pẹ̀lú. Mazda fi díférẹ́ńsíà 4.44 (iye ìgbà tí ṣáàfù ń yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan) sí RX-8 onígíà mẹ́fà torí ẹ́ńjìnnì yìí kò lágbára nísàlẹ̀. Bó o bá fi díférẹ́ńsíà tí nọ́mbà rẹ̀ kéré sí ìyẹn sí i, nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Nyanya ni wàá ti máa jó kílọ́ọ̀ṣì kó lè gbéra.

N kò tíì fojú kan ọkọ̀ rẹ, nítorí náà má fi ọ̀rọ̀ mi nìkan ra nǹkan. Nọ́mbà ẹ́ńjìnnì yóò yí padà nínú ìwé ọkọ̀ náà, tọ́jú rísíìtì. Kó o tó sanwó, ya ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì náà ní fọ́tò, kí nọ́ọ̀tì ńlá yẹn hàn dáadáa, kó o sì fi ránṣẹ́ sí mi. Ibẹ̀ ni n ó ti mọ̀ bóyá ara ọtọmátíìkì ni wọ́n ti yọ ọ́. Bí ẹni tó ń tà á kò bá jẹ́ kó o yà á, fi í sílẹ̀ fún un.